Ọ̀pọ̀tọ́ Méjìlá Ìyá Mojí

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá, 1985

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí Ìyá Mojí, ìyàwó mi, ti wọ bààlúù lọ sọ́dọ̀ Mojí ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò jókòó ka ọjọ́ o. Kàlẹ́ńdà ló wà lára ògiri, ojú mi ló sì ń ríran.

Ilé yìí ti fẹ̀ jù. Mo jókòó ní pálọ̀, ó sú mi. Mo gbé àga lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún sú mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ní ilé ìwé Ayépé ni Ìyá Mojí, Susannah mi, ti ń sọ pé ìdí mi kì í balẹ̀, pé ẹni tó ti jẹ́ hẹ́dìmásítà kì í mọ bí wọ́n ṣe ń gbélé. Mo máa ń bá a jiyàn. Kò sí ẹni tí mo lè bá jiyàn báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé yìí lánàá, kí n lè máa bá ara mi jiyàn lórí ìwé.

Àmọ́ ohun tó mú mi ṣí i lónìí kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bomi rin igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bó ṣe pa á láṣẹ kó tó lọ. Mo rí kinní roboto kan níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo rò pé kòkòrò ni. Mo wọ gíláàsì mi, mo sún mọ́ ọn. Èso ni! Mo kà wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀: méjìlá. Mo tún kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: méjìlá náà ni. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo. Mọ́rúfù, aládùúgbò wa tó ń ta pákó, yọ orí lókè ògiri láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Tísà, kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

Mo ní kì í ṣe ejò, kó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní A-B-D, ó ti wá di Alhaji onírùngbọ̀n funfun, àmọ́ tí mo bá ní kó jókòó, á ṣì jókòó.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo sọ fún Susannah pé ara mi le, pé òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, pé kí Mojí má gbé ohun tó wúwo, kó ṣọ́ ikùn rẹ̀. Mi ò mẹ́nu ba èso. Mo fẹ́ kó dé ná, kí n fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, kí n má sọ nǹkan kan, kí n kàn nàka.

N ó kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí Susannah ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó tọ́jú ìyàwó Kòrá kan, àwọn Kòrá aláṣọ yẹn. Obìnrin náà gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ inú ọgbà rẹ̀ fún un, ó ní láti abúlé bàbá òun nílùú Lẹ́bánónì ni irú rẹ̀ ti wá, pé oyin gan-an ń kọ́ adùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Susannah fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka yẹn, ó gbé e lé orúnkún láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún méjì ló fi ń kẹ́ ẹ. Lóṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, wọ́n ní wolé-wolé àti sójà ń bọ̀ wá wo àyíká ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù bà mí, mo mú àdá. Gbogbo ohun tí kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni mo bẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó ni, èyí tí àwọn ẹyẹ máa ń jẹ létí odò. Ó ti sọ fún mi pé ti ibòmíràn ni, àmọ́ ìgbà wo ni mo máa ń gbọ́?

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ "Ẹ káàárọ̀, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, ó dàárọ̀." Nígbà tó yá, kùkùté igi náà rúwé. Kò sọ fún mi. Ó kàn fi ọparun ṣọgbà yí i ká. A kò ní ewúrẹ́, aládùúgbò kò ní, mo sì mọ ẹni tí ọgbà yẹn wà fún.

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ títí di òní. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà méjì, ó di ìwàásù mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi ni pé ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn nínú, pé ibẹ̀ sì lè tù ú lára ju ọ̀dọ̀ mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti ìdájí títí di ọ̀sán, ti àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Méjì já bọ́. Ó ku mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Àǹtí Edith, ẹ̀gbọ́n mi, wá láti Ijagun pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan tó gbóná dáadáa àti ẹnu tó gbóná jù ú lọ. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ernest, ìgbà wo ni ìyàwó rẹ ń bọ̀?"

"Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò, Àǹtí."

"Oṣù mẹ́ta! Wọ́n ti gbé ìyá Rachel ládùúgbò mi lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta rí. Ọdún kẹrin nìyí. Níbi tí iná kì í ti í lọ, tí omi gbígbóná ń tú jáde lára ògiri, ta ni yóò wá padà wá sílé wá máa dá iná fún ọ?"

Mo ní èmi fúnra mi ni mo ń dá iná mi. Ó wo ìkòkò tó jóná tí mo rẹ sínú omi. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ìgbà tó ti lọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn kiri nínú mi. Mi ò ní bi Susannah léèrè o. Ẹni tó lọ ló mọ ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Sànìtéṣọ̀n. Láti aago méje ni mo ti wà lẹ́yìnkùlé, mo ro ìdí igi náà, mo gbá ewé, mo wọ agbádá àti fìlà bí ẹni tí ń retí bíṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́sàn-án, wolé-wolé méjì wọlé. Èyí tó kéré fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹ̀ka igi.

"Bàbá, kí ni ti igi igbó nínú ilé? Ẹ̀fọn ló ń fà."

"Kì í ṣe igi igbó. Inú Bíbélì ló wà."

"Gbogbo igi ló wà nínú Bíbélì, Bàbá."

Ṣé ẹ rí ìwọ̀sí! Mo bọ́ sáàárín òun àti igi náà. Mo ní bó bá fẹ́ gé e, kó gé èmi kọ́kọ́, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun gé hẹ́dìmásítà. Èyí tó dàgbà jù fa ọmọkùnrin náà lápá, ó ní, "Jẹ́ ká lọ, bàbá yìí kọ́ bùrọ̀dá mi." Wọ́n lọ. Mo lọ po tíì mu, inú mi sì dùn. Ìbá dára ká ní Susannah rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́tà dé! Mojí ti bí ọkùnrin. Tìyátọmọ wà láyọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Richard, orúkọ bàbá mi. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo kà á ní ojú ọ̀nà, mọ́tò fẹ́ẹ̀ gbá mi. Mo ra bisikíìtì, mo pín in fún gbogbo ojúlé wa. Mọ́rúfù àti Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ wá gbàdúrà, wọ́n ní "Àlàáfíà ni yóò fi dàgbà," mo ní àmín, wọ́n ní àmínà.

Susannah fi ojú ìwé tirẹ̀ kún un. Ó kọ nípa otútù, nípa bí Richard ṣe ń sunkún bíi tèmi tí mi ò bá rí gíláàsì mi. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ó kọ: "Ṣé igi yẹn ṣì wà?"

Kò kọ "báwo ni igi mi". Ó ní ṣé ó ṣì wà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí Àǹtí Edith ti sọ lọ.

Mo fèsì pé ó wà. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Àwọn èso náà ti tó ẹyin àdàbà. Mo da eérú sídìí igi. Epo òyìnbó tún ti wọ́n sí i, èyí tí mo sì rà kún fún omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀gà ṣá ọ̀kan jẹ láàárọ̀ yìí, ó sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún èèrà. Olè tí kò lè jẹ ohun tó jí tán! Ó ku mẹ́sàn-án. Mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́, mo rán an ní àpò kéékèèké, mo fi wọ èso kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi kò gbó sí abẹ́rẹ́. Sàúdátù wò mí láti orí ògiri títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá Mojí, ẹ̀ ń rán aṣọ fún igi?"

"Otútù ń mú un."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí tó dúró lé. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó rán ìdì òwú sí mi, ó ní tèmi yóò já.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè ń bẹ́, ilẹ̀ ń ya. Lẹ́tà Mojí dé ọwọ́ mi nípasẹ̀ ọmọ ìjọ wa kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. "Dádì, mo ń bẹ Mọ́mì kí wọ́n dúró tì wá títí ọmọ á fi rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Títí ọmọ á fi rìn! Mojí fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́rìndínlógún ló tó rìn, ìran wa kì í tètè rìn.

Kí ni Susannah wí sí i? Kò kọ nǹkan kan. Mo yí ìwé náà sókè, mo yí i sísàlẹ̀, mo wo inú àpò lẹ́tà. Mo rìn dé Ìtáòrò, mo rìn padà. Mo rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ara mi kò gbà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kejìlá

Àdán ni! Wọ́n ya nẹ́ẹ̀tì, wọ́n jẹ méjì, wọ́n yàgbẹ́ sára ògiri kún un. Ó ku méje. Bí wọ́n bá ń wá báyìí, kí n tó ka ọjọ́ mẹ́ta, kò ní ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejìlá

Mo ti já wọn. Mo ti ronú sí i dáadáa. Wọ́n ti tóbi, wọ́n ti gbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bó bá ti gbó, kéèyàn já a kí ẹyẹ tó débẹ̀, kó bò ó mọ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti pọ́n. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo inú igi náà yíká, mẹ́fà péré ni mo rí. Àdán yẹn ti gbé èkeje lọ, kí Ọlọ́run dá a lẹ́jọ́.

Oje funfun kan ń ṣàn láti ìdí èso kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń já a, ó sì ń yún mi lọ́wọ́ títí di báyìí. Mo to ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú ìkòkò, mo tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo tún fi ewé bò ó, mo fi àpò gàrí dé e lórí, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn. Bó bá pọ́n tán, n ó fi ṣúgà sè é, n ó rọ ọ́ sínú ìgò, kò ní bàjẹ́ títí Susannah á fi dé, ìgbà yòówù kó jẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Mo ṣí i wò. Kò tíì yípadà. Mo dé e padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo tún ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ń rọ̀ díẹ̀. Ó dára! Àmọ́ àwọ̀ wọn kò pọ́n, ṣe ló ń ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejìlá

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀, mo ṣí ìkòkò, mẹ́ta ti bu funfun. Mẹ́ta tó kù ti hunjọ bí awọ ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo bu ọ̀kan jẹ. Kò dùn, kò korò, kò kan. Bí ìgbà téèyàn ń jẹ òwú ni. Mo tutọ́ rẹ̀ dànù. Mo gbé ìkòkò náà lé orúnkún, mo jókòó sórí ilẹ̀ yàrá.

Mọ́rúfù wá wò mí nítorí kò rí mi kí n jáde. Mo fi hàn án. Ó kúnlẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Tíínì inú Kùránì nìyí! Tísà, ẹ̀yin lẹ já a ní tútù?"

"Ó ti gbó."

"Mo jẹ ẹ́ ní Mẹ́kà. Ọkùnrin kan tó ní ọgbà sọ fún mi, ó ní èyí kò dà bí èso yòókù. Bẹ́ ẹ bá já a lóní tí kò tíì pọ́n, bó ṣe wà yẹn ló ṣe máa wà títí á fi rà. Orí igi ló ti í pọ́n. Bó bá ti tó jẹ, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀, á dorí kodò bí ẹni tó ń tòògbé. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń já a."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Tísà. Ẹ kò bi mí. Ẹ ní kí n padà sídìí oúnjẹ mi."

Mo fẹ́ bínú, mi ò rí agbára. Mo sọ ti àdá fún un, ti oṣù mẹ́ta, ti ìlà kan tí Susannah kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Mo ní, "Mo ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún ti fi ọwọ́ ara mi pa èso rẹ̀." Ó jókòó tì mí sórí ilẹ̀ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejìlá

Sàúdátù ń pè láàárọ̀ kùtù, "Bàbá Mojí! Bàbá Mojí! Ẹ wá wo nǹkan!" Mo rò pé iná ló ń jó wọn. Mo sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó na ọwọ́ láti orí ògiri, ó fa ewé ńlá kan sẹ́yìn. Ẹyọ kan wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri, pẹ̀lú àpò nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára. Èkeje! Ibi tí ojú mi kò tó ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní kí n dìde, kí n má jẹ́ kí wọ́n rí òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kejìlá

Mo gbé àga mi lọ síbẹ̀. Mọ́rúfù fún mi ní pákó mẹ́rin, a fi kan àpótí yí èso náà ká, a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Àdán kì í ṣe ẹgbẹ́ wáyà.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejìlá

Kérésìmesì. Mo dá jókòó ní bẹ́ǹṣì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń bi mí "Mọ́mì ńkọ́?" mo ń rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n mi ń ro mí. Ìrẹsì ti wọ́n kọjá ààlà. Mo se díẹ̀, ó jóná nísàlẹ̀, mo bu èyí tó dára lókè fún àwọn Mọ́rúfù. Sàúdátù bu ọbẹ̀ adìyẹ padà fún mi.

Káàdì dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ Richard sí i lára, ó kéré bí ìka mi méjì. Susannah kọ: "Ẹ tọ́jú ara yín." Kò sí ọ̀rọ̀ àbọ̀ níbẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. N ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kìn-ín-ní, 1986

Àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí sí ti àlùbọ́sà. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Mo ti wò ó nígbà mẹ́rìnlá lónìí, ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kìn-ín-ní

N ó gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí àpótí láàárọ̀, ó ti dorí kodò pátápátá. Ara rẹ̀ ti sán, ẹ̀kán omi kan tó ki bí oyin sì rọ̀ sí ojú ìdí rẹ̀. Mọ́rúfù ti múra Jímọ̀, ó gun ògiri wá wò ó.

"Òní ni, Tísà. Bó bá di ọ̀la, á kan. Ẹ jẹ ẹ́."

"Kì í ṣe tèmi."

"Ẹni tó ni ín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tíínì kì í sì í dúró de ènìyàn."

Sàúdátù dá sí i látìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ pè wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Láti ìgbà tí Àǹtí Edith ti wá ni mo ti búra lọ́kàn mi pé mi ò ní pè é. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ìbúra mi. Lẹ́yìn náà mo fọwọ́ kan èso yẹn, kò tilẹ̀ dúró kí n fà á, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e sínú abọ́ tíì tí Susannah kì í jẹ́ kí n lò, mo fi áńkáṣíìfù bò ó, mo wọ tasí. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹyin ni?" Mo ní kó rọra wakọ̀.

Ọ́fíìsì tẹlifóònù kún. Mo dúró sórí ìlà fún wákàtí kan àti àbọ̀. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ gba nọ́ḿbà, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dún, ó dún, Mojí gbé e.

"Dádì! Ṣé kò sí o?"

"Pe ìyá rẹ."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìrìn rẹ̀, kódà láti ibẹ̀.

"Bàbá Mojí, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀pọ̀tọ́ rẹ so."

Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀rọ̀.

"Méjìlá ni. Òjò já méjì, ẹ̀gà jẹ ọ̀kan, àdán jẹ méjì. Èmi ni mo ba mẹ́fà jẹ́. Mo já wọn ní tútù, mo bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò."

"Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Ó ku ọ̀kan, Susannah. Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Ó ti pọ́n, kò lè dè ọ́. Èyí tí mo fi àdá gé lọ́jọ́ yẹn, mi ò bẹ̀ ọ́ rí. Mo ṣe ohun tí kò dára. Mo bẹ̀ ọ́."

Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń tẹ́tí sí mi. Akọ̀wé ń wo aago. Mo rò pé wáyà ti já.

Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́."

"Ṣé kí n..."

"Ẹ jẹ ẹ́ báyìí, kí n máa gbọ́."

Mo jẹ ẹ́. Awọ rẹ̀ rọ̀, inú rẹ̀ pupa, hóró wẹ́wẹ́ kún un tó ń dún lábẹ́ eyín, adùn rẹ̀ sì kọ́kọ́ dà bí oyin, lẹ́yìn náà ó di nǹkan mìíràn tí mi ò jẹ rí. Omi rẹ̀ ṣàn sórí ọwọ́ aṣọ mi.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi na àwọn ọmọ nítorí pé wọn kò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu nínú àròkọ. Mi ò rí ẹyọ kan. Mo ní, "Ó dùn." Mo tún ní, "Ó dùn, Susannah. Ó dùn ju bó o ṣe sọ lọ." Omi ń bọ́ lójú mi, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà sì ń wo òrùlé.

Ó ní, "Èyí tó bá tún so, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Èmi fúnra mi ni n ó já a."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé.

Inú tasí ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Igi náà kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìnkùlé mi níbí ló wà. Ẹni tó bá máa já èso rẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kó wá síbí. Mo sọ ọ́ fún awakọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ní kó sọ bóyá òye mi tọ̀nà. Ó wò mí nínú dígí rẹ̀, ó wo abọ́ òfìfo tó wà lórúnkún mi.

Ó ní, "Ó tọ̀nà, Bàbá. Wọ́n ń bọ̀."